Lọ́rì Dúró-Dè-Mí ní Conyers

Adébímpé Oyèkànmí ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyàwó àgbà bàbá mi, ó sì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n". Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yìí, n kò ní ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìtàn, mo sì ti fi gègé pupa fagi lé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó kọ ohun tí kò lè sọ ibi tó ti rí i. Èmi kọ́ ni màá wá jókòó lọ́jọ́ ogbó, kí n máa pa irọ́ iwin. Ọ̀sán ni. Oòrùn ń ràn. N kò sì lo oògùn kankan lọ́jọ́ náà ju ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò láràárọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà ọkọ̀ ni bàbá mi, ní Gbọ̀ngán. Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, lọ́rì kì í ti Ìlú Ọba dé ní odindi. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti egungun irin gígùn tí à ń pè ní ṣásí ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Awakọ̀ á gbé àpótí kan lé orí irin náà, á jókòó lé e, á sì wà á wá sókè láìní òrùlé, láìní ilẹ̀kùn, eruku á bò ó títí dé eyín. Ọ̀dọ̀ àwọn bíi bàbá mi ló ń wà á bọ̀. Àwọn ló ń fi pákó ìrókò kọ́ ara ọkọ̀ lé irin lórí, láti òrùlé dé bẹ́ǹṣì, títí kan pátákó iwájú tí wọ́n ń kọ orúkọ ọkọ̀ sí. Nígbà tó bá parí, ó di bọ́lẹ̀kájà.

Bẹ́dífọ́ọ̀dù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń rọ ọ́, owó Amẹ́ríkà ló sì wà nídìí rẹ̀. Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé nípa àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí. Orúkọ ẹni tó rọ irin máa ń wà níbẹ̀. N kò tíì rí ọ̀kan tó kọ orúkọ káfíńtà.

Ọkọ̀ tó bá ti gbó, èèyàn kì í fọkàn tán búrẹ́kì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo lọ́rì fi ní wẹ́ẹ̀jì, ìtì igi tí a gé ní onígun mẹ́ta, tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má baà yí. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀. Èmi ni mò ń ki wẹ́ẹ̀jì. Kí bàbá mi tó wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n á fi òòlù kan pákó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, ẹ̀kẹta á pẹ́ díẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ó wà níbẹ̀?" Èmi á ní, "Ó wà níbẹ̀, Bàbá." Wọn kì í wọlé láìgbọ́ ìdáhùn yẹn. Wọ́n ní àwọn kò lè rí ẹ̀yìn táyà láti abẹ́ ọkọ̀, pé ojú mi ni àwọn ń lò.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ kan padà wá fún àtúnṣe pákó ìsàlẹ̀. Oníṣòwò kòkó kan ló ni ín, ọkùnrin kan tí kì í tètè jáde nílé, tó máa ń pariwo tẹ̀ lé awakọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Bàbá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kọ igbe rẹ̀ sí pátákó iwájú: DÚRÓ DÈ MÍ. Inú ọkùnrin náà dùn sí i gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ki wẹ́ẹ̀jì bọ ẹ̀yìn táyà. Mo fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ bóyá ó dúró. Ó dúró. Ẹ gbà mí gbọ́, bí n kò bá mọ nǹkan míì láyé yìí, mo mọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo jókòó sórí pákó, mo ń ka ìwé tí wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn nílé ìwé. Ọ̀sán pọ́n. Mo gbọ́ òòlù lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá bèèrè. Mo dáhùn.

Lọ́rì náà yí padà sẹ́yìn.

N kò ní kọ ìyókù, àfi pé sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì wọn bọ́, ti ọ̀tún sì wà lẹ́sẹ̀. Èmi àti Bímpé nìkan la rí wọn bẹ́ẹ̀ kí àwọn àgbà tó dé, kí wọ́n sì fi aṣọ bò wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, mo rí wẹ́ẹ̀jì mi. Ó wà ní ilé ìdáná ìyá Bímpé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi gbé ilẹ̀kùn ró kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Bímpé ló dáná níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo gbé e lọ síwájú ẹbí. Bímpé kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Kò fi sí i rárá. Láti àárọ̀ ni wẹ́ẹ̀jì ti wà ní ilé ìdáná. Mo rí i."

Ó parí síbẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Òṣogbo kí wọ́n tó sin bàbá mi. Títí tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí, títí tí mo fi lọ́kọ, ọmọ tó pa bàbá rẹ̀ ni orúkọ mi nínú ẹbí yẹn. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ìjókòó ẹbí bàbá ṣófo.

Ohun tí mo ń fẹ́ láti ọjọ́ náà kò pọ̀. Mo fẹ́ kí Bímpé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló yọ wẹ́ẹ̀jì yẹn.

Àwa méjèèjì la wá bá ara wa ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà. Èmi ń gbé ní Lilburn lọ́dọ̀ ọmọ mi Tóyìn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ń gbé ní Buford lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Iwájú ló máa ń jókòó sí, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìjọ. Bó bá rí mi, á na ọwọ́ sí mi fún àwọn obìnrin tó yí i ká.

"Àbúrò mi nìyí, Tíṣà. Ìwé ló mọ̀. Bí ilé bá ń jó, á kàwé tán kó tó jáde."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo ti bi í léèrè ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, nígbà kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ: "Ìyẹn ti lọ, Tíṣà. Jẹ́ ká gbàdúrà." Ní ọdún tó kọjá, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé á kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Tóyìn sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lamar. Tóyìn ló tọ́jú ìyàwó ọkùnrin náà ní ọsibítù. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará ibí ni, ó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì wá fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gba ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Conyers, ó kó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ jọ síbẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò. Ó ń wá ẹni tó mọ ìwé tí á bá a kọ káàdì ìtàn síwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì, ẹ máa gbádùn ẹ̀," ni Tóyìn wí bó ṣe ń wà mí lọ lórí òpópónà I-20. "Àmọ́ ẹ má lọ máa fi gègé pupa sàmì sí iṣẹ́ oníṣẹ́ o. Shift mi máa parí ní mẹ́ta, màá wá gbé yín."

Mo gbádùn rẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ. Lamar ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé wàrà káàkiri, ó ní èyí tó ń gbé gẹdú, ó ní ọ̀kan tí imú rẹ̀ gùn bí imú ajá. Á fi ọwọ́ pa irin wọn lórí, á máa sọ fún mi bí ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó rọ wọ́n ṣe kógbá sílé, tí àwọn ńlá ra àwọn kékeré, tí orúkọ ìdílé àwọn èèyàn sì parẹ́ lójú irin. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, ìlà àkọ́kọ́ ni: Ta ló ṣe é?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo dé, mo bá ọkọ̀ tuntun kan nílẹ̀. Ó gba èbúté Savannah wọlé. Lamar ní inú igbó kan nítòsí Ifẹ̀ ni ẹni tó tà á fún òun ti rí i, pé kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́, pé igi ara rẹ̀ ló wu òun.

Bọ́lẹ̀kájà ni. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà pupa. Mo yí i ká. Mo tẹ orí ba, mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, mo sì rí orí ìṣó mẹ́ta tí wọ́n kàn ní igun mẹ́ta. Àmì bàbá mi ni. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ́, wọ́n á fi síbẹ̀.

Mo ní kí Lamar fi ìka ha ọ̀dà iwájú. Ọ̀dà náà ń bọ́ bí èèpo. Lẹ́tà funfun ń yọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé ìdajì ni mo ti mọ̀ ọ́n.

"Kí ló kọ, Mama?" ni Lamar bèèrè.

"Dúró dè mí." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi."

Ó ṣí fìlà. Ó ní òun ń lọ gbé àga wá fún mi láti ọ́fíìsì. Mo rò pé ó rí bí mo ṣe fi ara ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi.

Ó wá ku èmi nìkan. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí sílẹ̀, oòrùn wọlé dé àárín ilé. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú títì. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì, ìdí nìyẹn tí Lamar kò fi fi ohunkóhun dí táyà ọkọ̀ náà.

Kó, kó.

Ó dúró díẹ̀.

Kó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ ìró òòlù yẹn ju ìró ohùn ọmọ mi lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti wá.

Mo fẹ́ sá. Mo tẹ orí ba dípò bẹ́ẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Eruku pupa wà lára wọn, irú èyí tí kò sí ní Conyers. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ sálúbàtà. Òsì kò wọ nǹkan kan.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ:

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo wo ẹ̀yìn táyà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo ti ń dúró de ààyè yìí, láti sọ pé kò sí níbẹ̀, Bàbá, ẹ jáde, ẹ má tíì wọlé. Mo la ẹnu mi. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti arúgbó. Ohùn ọmọ ọdún méjìlá ni, ohùn ẹni tí kò gbé ojú sókè nínú ìwé rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó ti pẹ́ jù. Pákó ké. Lọ́rì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ní sùúrù.

Àwọn ẹsẹ̀ náà kò fà sẹ́yìn. Wọ́n gbà mí gbọ́, ṣé ẹ rí i. Wọ́n gba ìdáhùn mi gbọ́.

Mo ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi sí ẹ̀yìn táyà. Ọkọ̀ náà gun orí rẹ̀, ọ̀pá kán. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti pákó ẹ̀yìn, èmi tí n kò lè gbé gálọ́ọ̀nù omi. Mo ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé kò sí níbẹ̀, kò sí níbẹ̀, ẹnu mi kò sì gbà á jáde. Mo gbọ́ ohun kan tí mo ti gbọ́ nígbà kan rí. N kò kọ ọ́ nígbà yẹn, n kò ní kọ ọ́ nísinsìnyí.

Nígbà tí Lamar gbé àga dé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ kankan lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pá mi wà nílẹ̀ ní méjì. Ipa táyà sì wà nínú eruku, ó gùn tó ìgbésẹ̀ méjì.

"Mama, ta ló sún ọkọ̀ yìí?"

Kámẹ́rà kan wà lókè ògiri, ó lọ wò ó. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ní òun rí mi tí mo dá dúró, tí ọkọ̀ sì ń bọ̀ wá bá mi. Ó bèèrè ohun kan ṣoṣo, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ta ni ẹ̀ ń dá lóhùn?"

Lọ́jọ́ náà ló ra wẹ́ẹ̀jì onírọ́bà ńlá mẹ́rin, ó ki wọ́n bọ àwọn táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, nígbà tó wá ṣí ilé, ó bá mẹ́ta nídìí táyà. Ìkẹrin wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń se kọfí. Ó gbé ilẹ̀kùn ró. Lamar nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná Gbọ̀ngán fún un rí.

Orí fóònù ló ti sọ ọ́ fún mi; n kò padà síbẹ̀ mọ́. Káàdì ọkọ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìlà àkọ́kọ́ ṣófo. Ìgbàkigbà tí mo bá fẹ́ kọ orúkọ bàbá mi síwájú Ta ló ṣe é, ọwọ́ mi á dúró, nítorí ìbéèrè náà kò jọ ìbéèrè nípa ọkọ̀ mọ́.

Ìkìlọ̀ mi nìyí, kí n tó sọ èyí tó kù. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ wo ọkọ̀ àtijọ́ ní Conyers, tí ẹ rí lọ́rì onígi pupa tí ọ̀dà iwájú rẹ̀ ti bọ́, ẹ má dúró tì í. Bí ẹ bá gbọ́ ìró òòlù lára pákó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má ṣe dáhùn, bó ti wù kí ohùn náà jẹ́ jẹ́jẹ́ tó. Bí ẹnikẹ́ni, alààyè tàbí òkú, bá sì bi yín bóyá nǹkan wà níbi tó yẹ kó wà, ẹ gbé ojú yín sókè kí ẹ wò ó. Mo ti ń gbọ́ ìró náà ní Lilburn báyìí, lábẹ́ ọkọ̀ Tóyìn nínú gáréèjì, láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tóyìn ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Òógùn á bò mí lójú títí á fi jáde sí títì.

Mo fi èyí tó kù sẹ́yìn nítorí n kò fẹ́ kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí Tóyìn gbé mi lọ sí Buford. Ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà nítorí àwọn tó ń lọ sí mall, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí Bímpé má tíì kú. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lónìí o."

Bímpé wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ òtútù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbẹ. Kò pè mí ní Tíṣà. Mo jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ìṣó mẹ́ta títí dé wẹ́ẹ̀jì onírọ́bà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

"Ẹsẹ̀ wọn lo rí?" Ohùn rẹ̀ kò ju atẹ́gùn lọ.

"Ẹsẹ̀ wọn ni, Àǹtí."

"Èwo ló wọ sálúbàtà?"

"Ọ̀tún."

Ó di ojú. Mo rò pé ó ti sùn. Mo kúnlẹ̀, èmi tí orúnkún ń pa, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Àǹtí Bímpé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n lè sọ ọ́ fún wọn. Bóyá wọ́n á jáde níbẹ̀."

Ó la ojú. Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kejì pa mí lórí, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń pa àbúrò lórí, ohun tí kò ṣe rí láyé mi.

"Èmi ni mo yọ ọ́, àbúrò mi. Afẹ́fẹ́ ń ti ilẹ̀kùn, èéfín fẹ́ pa mí, mo ní màá dá a padà. Ṣùgbọ́n Bàbá kò bèèrè lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ti bèèrè."